Ẹ̀bi Èjìká Wòkè

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọ pé a kò kìlọ̀ fún wọn: Wòkè kì í kí ènìyàn kí ó tó kí àjà. Yàrá yòówù kí ó wọ̀, ìbáà jẹ́ báńkì, ìbáà jẹ́ ọ́fíìsì ọlọ́pàá, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á gun òkè, á wo àjà láti igun dé igun bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò, kí ó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwa tí a wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí, tí wọ́n pè é pé kí ó wọlé wá wo ọmọ, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló kun ibí yìí?" Ọmọ náà ti di ẹni tó ń fá irùngbọ̀n báyìí. Ìyàwó kò tíì dárí jì í.

Ẹ má bá a wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kun ilé. Òun, àjà nìkan ni ó ń kùn, ó sì ní ìdí tirẹ̀. Ó ní ògiri ní aláàánú púpọ̀: bí o bá ba ibì kan jẹ́ lára ògiri, wọ́n lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù tì í, wọ́n lè fi kàlẹ́ńdà bò ó. Ṣùgbọ́n ìhòhò ni àjà wà. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí kò rí oorun sùn á máa ka àṣìṣe rẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́, á sì mọ orúkọ rẹ. Nítorí náà, bí Wòkè bá gun àkàbà, á na apá ọ̀tún, á fa rólà láti ògiri kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní mí, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ọ̀dà náà á sì tẹ́jú bíi wàrà inú abọ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè fi ẹnikẹ́ni kun ògiri, bó bá kan àjà, wọn á ní, "Ẹ lọ pe Wòkè."

Apá ọ̀tún yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti gòkè mọ́. Bí Wòkè bá gbé e dé ibi etí, apá náà á dúró bí ewúrẹ́ tó rí omi. Fà á, tì í, kò ní lọ. Ìyàwó ló ń bá a de bọ́tìnnì, ìyàwó ló ń bá a ya irun, ó sì máa ń yà á sí ibi tó wu òun. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn kò lé e, ó káàánú rẹ̀ ni: ó ní kí ó máa kun ẹsẹ̀ ògiri, ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ọgbọ̀n ọdún wo òkè wá di ẹni tó ń rákò kiri pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. "Wòlẹ̀!" ni wọ́n ń pè é láti orí àkàbà. "Wòlẹ̀ o! Bá wa wò ó bóyá owó já bọ́ síbẹ̀!"

Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Bó bá délé, kì í rẹ́rìn-ín.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Abẹ́rẹ́ ni. Ilé ìwòsàn ńlá kan kọ́ ilé tuntun tí Wòkè fẹ́ lọ kun àjà rẹ̀, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tí kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ní wọ inú ọgbà àwọn. Wòkè lọ gbà á ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Kí a sọ òtítọ́ kí a lè rí ibi jókòó: abẹ́rẹ́ náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nígbà tí àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ gún un jà, ó dá ọ̀gá wọn tó ń sọ pé ara òun le dùbúlẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà Wòkè kọjá bí ẹni tí kò mọ ilé. Abẹ́rẹ́ kò lẹ́bi. Ibi tí wọ́n gún un sí ló lẹ́jọ́. Dókítà tó ya àwòrán èjìká náà fi ìka tọ́ ọ hàn án: dípò kí abẹ́rẹ́ wọ inú ẹran apá, òkè ló gbà, ó lọ bá oríkèé lálejò.

"Bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, yóò gòkè padà," ni dókítà wí. "Bí a bá fi í sílẹ̀, ibi tó dé yẹn ni yóò máa gbé."

Ìtọ́jú náà gùn, owó rẹ̀ sì ju agbára ẹni tó ń kun ẹsẹ̀ ògiri lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ní àjọ kan tó ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣe ní jàǹbá. Bí wọ́n bá gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, àwọn ni yóò san gbogbo owó ìtọ́jú náà. Wòkè kò tilẹ̀ bínú sí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ń wá kò ju pé kí apá òun gòkè kí òun padà sórí àkàbà kí orúkọ òun tó jẹ́ Wòlẹ̀ tán. Ó wá lọ́yà, ó rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, tó já fáfá, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀.

"Bàbá, ẹjọ́ yìí rọrùn," ni lọ́yà wí. "Àwòrán wà, dókítà wà. Ta ló gún yín?"

Wòkè wo àjà. "Ẹ ní àjà tó dára níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kùn ún ti fi omi là á jù."

"Ẹ ṣeun, sà. Ta ló gún yín?"

"Nọ́ọ̀sì kan ni."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n díẹ̀."

Ó mọ̀ wọ́n díẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè, tó ti gún ìdajì àwọn ènìyàn àdúgbò náà ní abẹ́rẹ́ láti kékeré, tí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣì ń gba ọ̀nà míràn bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Ọjọ́ Àìkú kan kì í lọ kí ó má wá kí àbúrò rẹ̀. Ó ní àga tirẹ̀ ní pálọ̀. Ẹlòmíràn kì í jókòó sórí rẹ̀, kódà bí kò bá sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Wòkè ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, òun àti Wòkè kò tíì bá ara wọn jiyàn rí. Kí ènìyàn tó lè jiyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sì máa ń bá ara wọn sọ kò ju "Ẹ kú ilé o, àna mi" àti "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n" lọ. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ara wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè fún nǹkan mìíràn.

Ọ̀wọ̀ yìí náà ló sì gbé Wòkè dé ibi tó dé. Lọ́jọ́ tí ó lọ gba abẹ́rẹ́, ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ìlà kan kúrú, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà níwájú rẹ̀, àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ìlà kejì gùn dé ẹnu géètì, Ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú ìyẹn. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ta ló fẹ́ lọ tò sórí ìlà ọmọ náà níṣojú àna rẹ̀? Kí wọ́n lè sọ pé kò fọkàn tán wọn? Wòkè tò sórí ìlà gígùn. Nígbà tí ó kàn án, kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó kàn tú bọ́tìnnì ọrùn, ó fa kọ́là sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọ orí èjìká síta bíi ìjàpá tó ń yọjú. Ẹ̀gbọ́n kò ní kí ó bọ́ ọ. Ó wo ibòmíràn, ó sì gún ohun tó rí.

Fún oṣù púpọ̀, Wòkè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Ẹ̀gbọ́n. Bí Ẹ̀gbọ́n bá wá lọ́jọ́ Àìkú, ọwọ́ òsì ló ń fi tan fáànù, á ní òun sùn lé ọ̀tún ni. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Oorun yín mà wúwo, àna mi." Kò sì bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe ń sùn lé apá kan láti àsìkò òjò títí di àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́yà fi ẹjọ́ ṣọwọ́ sí àjọ, àjọ pe ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn sì pe Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dé ní àsìkò tó máa ń dé, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Wòkè kí i tán, ó rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe nínú yàrá, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìní nǹkan kan láti ṣe. Ìyàwó wá di afárá láàrin àwọn méjèèjì.

"Wá níbí," Ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n lè gbọ́ ní ilé kejì. "Lọ sọ fún ọkọ rẹ pé mi ò bínú o."

Ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn yàrá. "Wọ́n ní àwọn ò bínú."

"Sọ fún wọn pé àjọ ni mo pè lẹ́jọ́. Mi ò pè wọ́n."

"Ó ní àjọ lòun pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ṣé àjọ ló gún un ni?"

"Dádì, wọ́n ní ṣé àjọ ló gún yín ni?"

Wòkè ronú lé e. "Sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ wọn ò dùn mí rárá. Ọwọ́ wọn fúyẹ́."

"Ó ní ọwọ́ yín fúyẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ mi fúyẹ́, ọkọ rẹ wá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ."

"Wọ́n ní—"

"Mo gbọ́. Báwo ni mi ò ṣe ní gbọ́? Pákó lásán ni ilẹ̀kùn yìí."

"Ẹ sì gbọ́ ara yín?" Ìyàwó jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá. "Kí wá ni iṣẹ́ tèmi? Ó ti rẹ̀ mí o. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó kọ orin fi sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó kọrin. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, àna mi," Wòkè sì dáhùn láti inú yàrá pé, "Ẹ kí ilé o, Ẹ̀gbọ́n." Ojú ọjọ́ ṣì mọ́ kedere.

Ọjọ́ ìpàdé àjọ pé. Lọ́yà ti jókòó ti Wòkè, ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. "Bàbá, ibi kan ṣoṣo ni ẹjọ́ yìí ti lè dà nù. Òfin àjọ ni pé kí wọ́n bọ́ aṣọ, kí abẹ́rẹ́ wọ ibi tó yẹ. Wọn á bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò bọ́ ọ. Bí ẹ bá ní nọ́ọ̀sì ni kò ní kí ẹ bọ́ ọ, wọn á sanwó. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ kọ̀, ó parí nìyẹn, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde. Òtítọ́ sì ni pé kò ní kí ẹ bọ́ ọ, àbí?"

"Òtítọ́ ni."

"Ṣé ẹ ó sọ ọ́?"

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn á wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, sà."

Wòkè gbójú sókè wo àjà. Lọ́yà bojú wo àpò rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìwé òfin. Ní ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ ní òfin, wọ́n kọ́ ọ ní ilẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ogún, wọ́n kọ́ ọ ní ìpànìyàn; kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní àna.

Yàrá ìpàdé náà ní tábìlì gígùn kan, fáànù tó ń ké bí ọmọ ológbò, àti Ọ̀gá Àjọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi táì há ọrùn ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wòkè wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e nítorí bọ́tìnnì. Orí Wòkè lọ sẹ́yìn. Omi ti jò sí àjà náà, ó ti ya àwọ̀ bíi tíì sí igun kan, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà tí kò bá a mu lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú Wòkè bàjẹ́. Ó wò ó, ó wò ó, ètè rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá Àjọ rò pé àdúrà ni, ó tẹ orí ba, ó dúró, nígbà tí Wòkè sì sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Àmín."

"Àmín," gbogbo wọn wí. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sí òdìkejì tábìlì nínú aṣọ nọ́ọ̀sì tó funfun bí eyín. Wọ́n wo àwòrán èjìká, wọ́n ka ọ̀rọ̀ dókítà, Ọ̀gá Àjọ ní kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. "Ìbéèrè kan ló kù," ni ó wí. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì?"

Lọ́yà wo Wòkè. Wòkè ya ẹnu. Ní àkókò náà gan-an ni Ẹ̀gbọ́n húkọ́ díẹ̀. Òtútù ló mú un, kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti wà lára Wòkè pẹ́ ju ìrora lọ.

"Èmi ni mi ò fẹ́ bọ́ ọ," ni ó wí.

Lọ́yà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Lọ́yà mi ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀," ni Wòkè sọ fún Ọ̀gá Àjọ, "ṣùgbọ́n èmi ni."

"Kò rí bẹ́ẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ti dìde. "Ẹ má dá àna mi lóhùn. Èmi ni nọ́ọ̀sì. Èmi ni mi ò ní kí wọ́n bọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ̀bi."

"Níṣojú mi? Kí ẹ jẹ̀bi kí n máa wò yín? Ilé ta ni màá wá lọ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Èmi ni mo fa kọ́là."

"Èmi ni mo gún kọ́là."

"Ẹ dákẹ́," ni Ọ̀gá Àjọ wí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀bi ni mo máa ń rí tí àwọn ènìyàn ń tì síra wọn lọ́rùn. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń jà á gbà. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, mi ò lè san nǹkan kan. Bàbá, bí ẹ bá kọ̀ láti bọ́ aṣọ yín lóòótọ́, ẹ lè máa lọ sílé pẹ̀lú apá yín."

Fáànù nìkan ló ń sunkún. Wòkè wo apá ọ̀tún rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Ó rí i pé òun yóò kun ẹsẹ̀ ògiri títí ayé. Ẹ̀gbọ́n náà ń wo apá náà, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn bí ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Síńgílẹ́ẹ̀tì ni!"

Ìyàwó ni. Kò tilẹ̀ dìde. Ibi tó jókòó sí nítorí bọ́tìnnì ló ti pariwo.

"Ẹ ní kí ni, màmá?" ni Ọ̀gá Àjọ bèèrè.

"Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló fà á, sà. Mo ti pa á mọ́ra, ó tó gẹ́ẹ́. Ọkọ mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì kan tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Sà, asẹ́ ni. Ẹ lè fi sẹ́ ògì. Mo ní kí ó sọ ọ́ nù, ó ní atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́, mo rí i pé òun ló wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo di ilẹ̀kùn mú. Mo ní, 'Dádì, bí ẹ bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níṣojú ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n rí síńgílẹ́ẹ̀tì yìí, kí wọ́n lọ sọ nílé wa pé bí mo ṣe ń tọ́jú ọkọ nìyí, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ títí ọdún á fi parí.' Ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ nìyẹn."

Wòkè wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yí padà sí àbúrò rẹ̀, ó ranjú mọ́ ọn.

"Tóò, mo ti rí síńgílẹ́ẹ̀tì ọ̀hún," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n! Níbo?"

"Lórí okùn tí o máa ń sá aṣọ sí. Lọ́jọ́ Àìkú gbogbo. Mo rò pé aṣọ ìnulẹ̀ ni."

Ọ̀gá Àjọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ojú rẹ̀ ti padà le. "Ṣé a ò lè ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè ni?"

"Ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ọn, sà," ni Wòkè wí. "Kì í ká. Bí páìpù ló rí."

"Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì. Ẹ mọ ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Ọ̀gá Àjọ. "Sà, àgbà tí mo ti pàṣẹ fún pé kó bọ́ aṣọ, wọn ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò gbé ohùn sókè sí mi rí. Mo wò wọ́n, ojú tì wọ́n, ojú wá ti èmi náà. Mo ní kí n tètè ṣe é kí wọ́n lè máa lọ." Ó wo Wòkè tààrà, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Mi ò mọ̀ pé apá yín ni màá fi sanwó ojútì mi. Ẹ má bínú, àna mi."

"Mi ò bínú, Ẹ̀gbọ́n," ni Wòkè wí. "Mo kàn fẹ́ gun àkàbà ni."

Lọ́yà, tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí Wòkè ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn nítorí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lábẹ́ tábìlì, rí àyè. Ó fò dìde. "Sà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé òfin ilé ìwòsàn kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ má tọ́jú ìbátan rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá wà? Ẹlòmíràn wà. Ìlà tirẹ̀ tilẹ̀ kúrú. Ta ló yẹ kó darí àwọn ènìyàn sí ìlà tó yẹ wọ́n? Ṣé ọkọ ni? Ṣé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni? Ilé ìwòsàn ni, sà! Bẹ́ẹ̀ wọn ò tún ta kọ́tìnì sí ibẹ̀. Ta ló fẹ́ bọ́ṣọ ní gbangba, kódà bí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá jẹ́ tuntun?"

Ọ̀gá Àjọ ní òun ń bọ̀. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá kejì, wọ́n gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, wọ́n wá gbọ́ tí ẹnìkan pariwo "Asẹ́?" tí àga kan sì ṣubú. Nígbà tí ó padà wọlé, kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀, ojú náà kàn pupa díẹ̀.

"Àjọ ti gbà," ni ó wí. "Ètò ilé ìwòsàn ló kùnà. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ibi ẹ̀bi. Àwa ni a ó san owó ìtọ́jú apá bàbá títí yóò fi gòkè. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì fara mọ́ ọn?"

Wòkè àti Ẹ̀gbọ́n wo ara wọn. Ẹ ó rò pé inú wọn dùn. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ń dun àwọn méjèèjì díẹ̀ pé wọn kò jẹ́ kí àwọn jẹ̀bi. Wòkè fi ọwọ́ ọ̀tún buwọ́ lùwé. Tábìlì kò ga, apá náà kò bá a jà.

Báyìí ni ẹjọ́ parí, ó sì yẹ kí ìtàn náà parí. Àmọ́ àjọ ní ilé ìwòsàn méjì tí bàbá lè ti gba ìtọ́jú. Ọ̀kan wà ní òpin ìlú, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Èkejì ni ti àdúgbò, níbi tí oníṣẹ́ oríkèé kan, ẹni tó ń na oríkèé tó ti gan, ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì sì ń pèsè àwọn aláìsàn sílẹ̀ fún un. Ìyàwó ní kí Wòkè lọ sí ti òkèèrè. Wòkè wò ó bí ẹni tí kò mọ ìwà hù. Kí òun kọjá níwájú ilé ìwòsàn Ẹ̀gbọ́n lọ sí ibòmíràn? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún òun? Òfin ní kí ìbátan má gún ìbátan. Kò sọ pé kí ìbátan má pèsè ìbátan sílẹ̀.

Ó lọ. Ìyàwó ti ra síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun fún un, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a, ó ti sọ fún àwọn aládùúgbò. Ilé ìwòsàn náà ti ta kọ́tìnì, ó nípọn, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣí i, ó mú Wòkè wọlé, ó pa á dé.

"Ẹ jókòó, àna mi."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì o," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó sì yíjú sí ògiri, kí ó má baà rí i.

Wòkè ní, "Kò burú." Òun náà yíjú sí ògiri kejì, kí wọ́n má baà rí i pé òun rí i pé wọ́n yíjú. Ó fi ọwọ́ òsì tú bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ó tú èkejì. Ẹ̀kẹta wà níbi tí ọwọ́ kan kò ti lè dá a tú, ìyàwó kò sì sí níbẹ̀.

"Ẹ ti ṣetán?" ni oníṣẹ́ oríkèé bèèrè láti ìta.

"A ti ṣetán," ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù sí ògiri tirẹ̀.

Apá náà wà láàrin wọn, ó ń dúró. Ó di ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní àna: èwo nínú àwọn méjèèjì ló yẹ kó kọ́kọ́ yíjú padà?